Ohun tí oníbàárà ń bi yín ni kí ẹ kọ

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláró ni mí ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ àdìrẹ ni mo bá lọ́wọ́ ìyá mi, ìsọ̀ wa sì wà ní Ìtòkú. Ọmọ mi ọkùnrin ti ṣí ìkànnì fún ọjà wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí n máa kọ àpilẹ̀kọ síbẹ̀ kí àwọn tó wà lókè òkun lè mọ̀ wá. Mo kàwé dé ìwọ̀n, ṣùgbọ́n n kì í ṣe òǹkọ̀wé. Bí mo bá jókòó láti kọ nǹkan, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu mi, èyí tí mo bá sì rí kọ á le gbagidi bí ìwé ìjọba. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ kí ẹ bá mi wò ó. Báwo ni ènìyàn bíi tèmi ṣe lè kọ ohun tí oníbàárà yóò kà, tí yóò sì yé e? Èdè wo ni kí n fi kọ ọ́, báwo ni ó sì ṣe yẹ kí ó gùn tó?

Ìdáhùn

Màmá, mo kí yín. Ẹ ṣé tí ẹ fi àpilẹ̀kọ yín ránṣẹ́, nítorí òun gan-an ló jẹ́ kí n rí ibi tí ìṣòro wà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ nìyí: "Ilé iṣẹ́ wa jẹ́ ilé iṣẹ́ tó gbajúgbajà nínú pípèsè ojúlówó ọjà tó dára, tó wuyì, tó sì bá ìgbà mu fún gbogbo àwọn oníbàárà wa ọ̀wọ́n káàkiri àgbáyé." Kò sí àṣìṣe gírámà kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ta ìrẹsì bá gbé gbólóhùn yìí sí ìkànnì tirẹ̀, kò ní yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, yóò sì bá a mu rẹ́gí. Bákan náà ni fún ẹni tó ń ta irin tàbí ẹni tó ń ta bàtà. Àyẹ̀wò tí mo máa ń fún àwọn oníṣòwò nìyẹn: bí gbólóhùn kan bá lè bá ọjà ẹlòmíràn mu láìyí ohunkóhun padà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá fi àyẹ̀wò yìí wo gbogbo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, ìpínrọ̀ kan ni yóò ṣẹ́ kù, èyí tí ẹ ti sọ pé ìyẹ́ adìyẹ ni ẹ fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹn èyí tí a fi ẹ̀kọ láfún ya bátànì sí lára kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ìpínrọ̀ yẹn dára púpọ̀, ó sì ṣeni láàánú pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ fi í sí.

Bí oníbàárà bá dé ìsọ̀ yín, tó gbé aṣọ kan sókè, tó wá bi yín pé, "Ìyá, ṣé èyí ò ní máa yọ aró?", ẹ kò jẹ́ dá a lóhùn pé ilé iṣẹ́ yín gbajúgbajà. Ẹ ó sọ ohun tó máa rí fún un bó bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, bí ó ṣe yẹ kí ó fọ̀ ọ́, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fi kàn án. Ìdáhùn yẹn gan-an ni àpilẹ̀kọ. Ẹ ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń yé wọn. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí wọ́n bá ti mú kálàmù báyìí, wọ́n á pa ohùn dà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jábọ̀ fún ọ̀gá, wọ́n á sì gbàgbé pé ẹnì kan wà níwájú àwọn tó fẹ́ mọ nǹkan kan pàtó.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jókòó kí ẹ máa wá ohun tí ẹ ó kọ. Ẹ fi ìwé kékeré kan sí ìsọ̀, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín sínú rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu oníbàárà, láìtún un ṣe. Ẹ wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó wà lórí fóònù yín pẹ̀lú. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ìbéèrè ti wà níbẹ̀. Ṣé ó máa ń ṣá? Kí ló dé tí ẹlẹ́kọ fi wọ́n ju kàm̀pálà lọ? Yáàdì mélòó ni yóò tó mi rán ìró àti bùbá? Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí a fi ọwọ́ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀? Ìbéèrè kan, àpilẹ̀kọ kan. Bí ẹ bá fẹ́ dáhùn mẹ́ta pa pọ̀, kò sí èyí tí ẹni tó ń wá ìdáhùn máa tètè rí.

Ọkùnrin kan wà ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Marcus Sheridan, tí òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ń bá àwọn ènìyàn ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí àgbàlá ilé wọn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 2008, díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ náà wó. Ohun tó ṣe ní 2009 ni pé ó kọ gbogbo ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ti bi í rí sílẹ̀, ó sì ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì rẹ̀, títí kan èyí tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún, ìyẹn iye owó. Kì í ṣe òǹkọ̀wé, iṣẹ́ rẹ̀ sì jìnnà sí ti aláró, ṣùgbọ́n ìkànnì yẹn ló gbé iṣẹ́ náà dìde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó yìí, nítorí òun ni àwọn oníṣòwò wa máa ń fi pamọ́ jù lọ. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì á rí i, oníbàárà á sì fẹ́ ná an. Síbẹ̀, ẹni tó wà ní London kò lè ya ìsọ̀ yín kí ó tó mọ̀ bóyá owó òun tó. Bí kò bá rí iye kankan, yóò ṣí ojúewé ẹlòmíràn. Kò pọn dandan kí ẹ kọ iye kan ṣoṣo. Ẹ kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tó ń mú un lọ sókè: bóyá aṣọ òwú lásán ni tàbí brocade, bóyá ìyẹ́ adìyẹ ni ẹ fi ya ẹ̀kọ láfún sí i lára ní ìlà kọ̀ọ̀kan tàbí páànù tí a gé bátànì sí ni ẹ gbé lé e, àti ìgbà mélòó ni ẹ rẹ ẹ́ sínú aró, tí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó tún un rẹ. Ẹni tó bá ka èyí tán kò ní bi yín mọ́ pé kí ló dé tí ó wọ́n. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ iye náà, nítorí owó aṣọ funfun àti ti aró kì í dúró lójú kan.

Ní ti bí ẹ ó ṣe tò ó, ìdáhùn ni kí ó ṣáájú. Ní 1997, Jakob Nielsen, onímọ̀ kan nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, ròyìn pé nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló kàn ń sáré fi ojú wo ojúewé tuntun lọ, àwọn tó sì ń kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá 16 lọ. Ó ti pẹ́ o, fóònù kò sì tíì rí báyìí nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó mú kí àwa òde òní ní sùúrù jù wọ́n lọ. Ìkíni gígùn, ìtàn bí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, àdúrà fún oníbàárà: gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ìdáhùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, tí mo fi ìbéèrè nípa yíyọ aró ṣe:

"Bẹ́ẹ̀ ni, àdìrẹ tí a fi èlú rẹ máa ń yọ aró díẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Aró tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ, tí kò wọ inú òwú, ni omi ń gbé jáde. Aṣọ yín kò bàjẹ́. Ẹ dá a fọ̀, ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ aṣọ funfun. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ lò, kí ẹ sì sá a sí ibi tí oòrùn kò ti ní pa á. Ẹ má fi Hypo kàn án rárá, nítorí yóò jẹ aró náà kúrò, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà àfi kí a tún un rẹ."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni". Ó jẹ́wọ́ ohun tí oníbàárà ń bẹ̀rù kí ó tó ṣàlàyé rẹ̀, ẹ̀rù náà sì rọlẹ̀ nítorí pé a kò fi í pamọ́. Kò sí "ojúlówó" níbẹ̀, kò sí "àgbáyé", ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé aláró ló kọ ọ́. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìyìn bo ọjà wọn kò mọ̀ pé ìmọ̀ tí àwọn ní nípa iṣẹ́ náà ló ń yin ọjà jù.

Bí kíkọ bá ṣì ń nira, ẹ má kọ ọ́, ẹ sọ ọ́. Kí ọmọ yín bi yín ní ìbéèrè kan, kí ó ṣe bí oníbàárà tó pè láti òkèèrè, tí kò rí aṣọ náà, tí kò sì mọ nǹkan kan nípa aró, kí ó sì gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, kí ó da ohùn náà kọ. Iṣẹ́ tó kù ni kí ẹ jọ gé e: ẹ yọ àsọtúnsọ, ẹ yọ "bí mo ṣe ń wí". Ibì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí gidigidi. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ wa ń bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ ó wí pé "ẹ bu omi tó tó báyìí", tàbí "ẹ di í bí èyí", ọmọ yín á sì rí ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n òǹkàwé kò rí i. Gbogbo ibi tí "báyìí", "èyí" tàbí "ibẹ̀ yẹn" bá ti jẹ yọ, ẹ béèrè bóyá a lè mọ ohun tí ẹ ń tọ́ka sí láìwo yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọ "omi tó bo aṣọ mọ́lẹ̀" dípò rẹ̀, tàbí kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ti àwòrán kò gba àlàyé púpọ̀: ojúmọmọ ni kí ẹ yà á, kí ó jẹ́ aṣọ yín gan-an, kí a sì rí ẹ̀yìn aṣọ pẹ̀lú iwájú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n náà. Yáàdì ni ẹ fi ń ta aṣọ, ṣùgbọ́n mítà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní Yúróòpù fi ń ra tiwọn, yáàdì 5 kò sì pé mítà 5. Mítà 4 àti ààbọ̀ ni, pẹ̀lú ìwọ̀n díẹ̀ lé. Bí ẹ kò bá kọ méjèèjì, ẹnì kan yóò rò pé ẹ rẹ́ òun jẹ. Bákan náà ni orúkọ iṣẹ́: "oníko", "ẹlẹ́kọ", "alábẹ́rẹ́" yé yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ là á yé ẹlòmíràn nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, bí àpẹẹrẹ, "oníko, èyí tí a fi okùn ọ̀pẹ dì kí a tó rẹ ẹ́".

Ní ti èdè, èyí tí oníbàárà fi bi yín ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ kọ Yorùbá, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò bá ọ̀rọ̀ òwò mu. Abẹ́òkúta yín náà ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní 1859. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọmọ yín túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì ka ìtumọ̀ náà fún yín kí ẹ lè mọ̀ bóyá ohun tí ẹ sọ ló kọ. Àmì ohùn kò ṣòro mọ́: bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Yorùbá wà lórí Gboard, áàpù ìtẹ̀wé Google tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí fóònù Android. Ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ yín dábàá pé kí ẹ jẹ́ kí ChatGPT, ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bá ènìyàn kọ̀wé, bá yín kọ gbogbo rẹ̀. Ó lè bá yín tún àkọtọ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ìkòkò aró rí. Bí ẹ kò bá sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un, irú gbólóhùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi yìí ni yóò kọ fún yín, lọ́pọ̀ yanturu.

Kò sí iye ọ̀rọ̀ tí mo lè dá lé yín. Ìbéèrè nípa fífọ̀ lè parí sí ìpínrọ̀ méjì, ti ẹlẹ́kọ àti kàm̀pálà sì lè gba ojúewé kan odindi. Ẹ dáwọ́ dúró níbi tí ìdáhùn bá parí sí. Àkọlé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ lọ, bí oníbàárà ṣe bi í: "Ṣé àdìrẹ máa ń yọ aró?" Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀ sí Google.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ yín, bóyá aládùúgbò tó ń ta oúnjẹ, kí ó kà á sókè. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀, gbólóhùn ibẹ̀ ti gùn jù tàbí ó ti lọ́ pọ̀. Ẹ gé e sí méjì. Ẹ wá bi í pé, "Bí ẹ bá ra aṣọ yìí, báwo ni ẹ ó ṣe fọ̀ ọ́?" Ẹ má bi í bóyá ó dára, torí yóò sọ pé ó dára. Bí ó bá ṣì ìdáhùn náà ṣe, ẹ padà síbi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú, kí ẹ tún un kọ.

Ẹ fi ti fífọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà WhatsApp yín àti àkókò tí ẹ máa ń fèsì, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè mìíràn lè fi ránṣẹ́. Ìbéèrè yẹn ni ẹ ó fi kọ èyí tó kàn.