Ta ni Marie Marvingt? Ṣé òun ló kọ́kọ́ ní kí ọkọ̀ òfurufú máa gbé aláìsàn?

Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Marie Marvingt (1875–1963), eléré ìdárayá àti awakọ̀ òfurufú, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí ọkọ̀ òfurufú máa gbé aláìsàn. Ọdún 1910 tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ ló ti ń sọ ọ́. Ní 1912, ó ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà wọko gbèsè kí ọkọ̀ ọ̀hún tó jáde.

Òkè gígùn, odò wíwẹ̀, ìbọn yíyìn, gbogbo rẹ̀ ló ṣe. Nígbà tí wọn kò gbà á sí ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ti 1908 torí pé obìnrin ni, wọ́n ní ńṣe ló dúró kí àwọn ọkùnrin ṣíwájú, tó wá gun ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀hún tó nǹkan bíi 4,500 kìlómítà. Ẹ fojú wo Ìlọrin sí Èkó nígbà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àmọ́ òun kọ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú. Raymonde de Laroche ló ṣáájú rẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 1910.