Kí ló gbé àwọn ará Paris dé Bastille, ọgbà ẹ̀wọ̀n olódi kan nílùú wọn, ní ọdún 1789, èèyàn mélòó ló sì kú?

Ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n wá lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n méje péré ló wà níbẹ̀. Nǹkan bí 98 nínú àwọn tó kọlu ibẹ̀ ló kú.

Ebi ló kọ́kọ́ bí wọn nínú. Ìkórè ọdún 1788 ò dára, búrẹ́dì gbówó lórí, gbèsè sì ti wọ ìjọba Ọba Louis Kẹrìndínlógún lọ́rùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọba lé Necker, mínísítà ètò ìṣúná tí aráàlú fẹ́ràn. Ọmọ ogun ti yí ìlú ká, ni àwọn èèyàn bá gbà pé àwọn ni wọ́n fẹ́ wá pa. Láàárọ̀ ọjọ́ 14, wọ́n kó ìbọn ní Invalides, ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ìbọn tí kò ní ẹ̀tù, igi lásán ni.

Nígbà tí De Launay, ọ̀gá ọgbà náà, túúbá nírọ̀lẹ́, wọ́n wọ́ ọ gba ìgboro, wọ́n pa á, wọ́n sì fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀kọ̀ gbé kiri.

Ti Bastille nìkan nìyí o. Ọdún 1793 sí 1794 ni wọ́n fi gílótíìnì bẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lórí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fòpin sí ìjọba ọba ní 1792.