Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Àgbàlá

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni mí ní Kubwa. Ẹ́ńjìnnì àwòṣe ńlá mi ń rìn lórí ojú irin tó fẹ̀ ní mìlímítà 45, mo sì fẹ́ kan àwọn ọkọ̀ èrò tó jọ ti Abuja sí Kaduna fún un. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo ìwọ̀n 1:24, ìyẹn ni pé kí n fi 24 pín ìwọ̀n ọkọ̀ gidi. Ṣé ó tọ̀nà?

Ìdáhùn: Bàbá wa, ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, àmọ́ ọkọ̀ mìíràn ni ìwọ̀n rẹ̀ bá mu. Ojú irin àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ láti Èkó dé Kano fẹ̀ ní mìlímítà 1,067. Bí ẹ bá fi 24 pín in, ẹ ó rí nǹkan bíi 44.5. Ti Abuja sí Kaduna, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, fẹ̀ ní 1,435, nítorí náà 1:32 ló yẹ ẹ́. Ọkọ̀ èrò tó gùn ní mítà 24 yóò wá di sẹ̀ǹtímítà 75, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà, nítorí pé bí kọ́nà bá ti ká jù, ọkọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ yóò yọ ìdí síta, yóò sì fa èkejì rẹ̀ ṣubú. Ẹ jẹ́ kí kọ́nà yín gbòòrò tó bí àgbàlá bá ṣe gbà, tàbí kí ẹ gé ọkọ̀ náà kúrú díẹ̀. Èmi yóò gé e ní tèmi. Ojú kì í tètè mọ̀.

Ní ti iná, eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí iná gba orí ojú irin kọjá dáadáa. Ẹ fi bátìrì sínú ọkọ̀ tó tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì máa fi rìmóòtù darí rẹ̀.