Kí ni "ìdí igi"? Ṣé ó yọ ẹni tó bí obìnrin nìkan sílẹ̀?

Arábìnrin kan láti Kúdẹtì béèrè pé bàbá àwọn kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀. Ọmọbìnrin méjì péré ni ìyá tiẹ̀ bí. Ẹbí ní ìdí igi ni àwọn máa fi pín ogún, ni àbúrò bàbá wọn bá ní ìyá wọn ò nígi kankan, torí kò bí ọkùnrin.

Rárá o, àǹtí. Ìyá ni igi tí wọ́n ń wí. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ fún olóògbé jẹ́ igi kan, àwọn ọmọ ẹ̀ ni ẹ̀ka. Ìyàwó mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba, ì báà jẹ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ọ̀kan bí, kí èkejì bí ọkùnrin méje. Bàbá àgbà kan ní agboolé wa ní Ìdí-Arẹ́rẹ́ máa ń fi ìṣáná ṣàlàyé ẹ̀. Á to mẹ́ta sórí ẹní, á wá bi ọ́ pé, "Nínú igi yìí, èwo lo rí tó hu irùngbọ̀n?"

Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, ló da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àbúrò bàbá yín lójú. Òun ló sábà ń di olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n alábòójútó ni olórí ẹbí, òun nìkan kọ́ ló ni ogún.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù rí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Suberu Dawodu kú l'Ékòó ní 1940, ó fi ọmọ 9 sílẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyàwó 4. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in, ìyẹn iye ọmọ. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1962, ìyẹn kóòtù tó ga jù fún ẹjọ́ Nàìjíríà nígbà náà, ìdí igi ló borí. Wọ́n kàn ní bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè yàn án pé orí-ò-jorí ni.

(Bí ẹbí bá fẹ́ tẹ̀lé ṣàríà, ìpín obìnrin méjì ni ti ọkùnrin kan. Síbẹ̀ obìnrin ò ní lọ lọ́wọ́ òfo.)

Ẹni tí kò bímọ rárá ni kò nígi, ibẹ̀ sì ni mi ò ti bá àṣà yìí lọ.

Torí pé ìyá ni wọ́n ń kà, ọjọ́ ìpíngún ni igi tẹ́nìkan ò mọ̀ máa ń hù. Mùsùlùmí ni wá, àmọ́ ìdí igi la fi pín tiwa. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, obìnrin kan ti Mọ́níyà dé pẹ̀lú ọmọbìnrin tó jọ bàbá wa bí ìmumu. Ariwo ta. Ìyálé ò wí nǹkan kan. Ó ṣí àpótí ẹ̀, ó fa fọ́tò ìkómọ kan yọ lábẹ́ aṣọ òfì: bàbá ló gbé ọmọ náà dání. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi pa á mọ́. Ọmọ ẹ̀ obìnrin nìkan ló sọ fún, kò sọ fún àwọn ọkùnrin.

Ọmọ tí bàbá bá ti gbà pé tòun ni, ọmọ ẹ̀ ni lábẹ́ àṣà wa, bí ò tilẹ̀ gbé ìyá ẹ̀ sílé. Bàbá àgbà nawọ́ sí páálí ìṣáná, ó yọ ẹyọ kan sí i.

Nítorí náà, àǹtí, kí ẹ tó lọ bá àbúrò bàbá yín, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá yín ohun tó wà nínú àpótí wọn.