Ìyàwó ní kí o mú ọ̀kan? Gbọ́ tèmi ná

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ẹni ọdún 32 ni ọ́, o ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, o wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, o ń bá ìjọ pín oúnjẹ fún àwọn aláìní, o sì tún ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó rẹ wá ní kí o mú ọ̀kan kí o fi ìyókù sílẹ̀, pé ilé ti di ọjà. O béèrè bóyá a rí ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ rí tí orí rẹ̀ kò dàrú. Èmi rèé. Orí mi dàrú díẹ̀, àmọ́ mo ṣì wà ńbẹ̀.

Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Láti 2006 ni mo ti ń tún fóònù àti laptop ṣe, nígbà tí Nokia ṣì jẹ́ ọba. Inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn opó àti arúgbó. Èmi ni mo ń tẹ ìwé orin ọjọ́ Ìsinmi (àmì orí ẹ́ àti ọ̀ tó máa ń di àpótí kékeré lórí bébà, tèmi ni ẹjọ́ rẹ̀). Mo ń gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Bí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kẹ́nikẹ́ni má wá mi. Ìyàwó mi náà sọ ohun tí tìẹ sọ, ó sì jàre lọ́nà kan. Màá débẹ̀.

Àmọ́ kí o tó ju ohunkóhun nù, má gbà fún ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò bára tan. Ní ìlú wa níbí, lọ́dún 1859, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni Henry Townsend, òun náà ló fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nínú ìwé kan ṣoṣo yẹn lèèyàn ti ń rí ẹni tó ṣe ìrìbọmi, ẹni tó kú, ọ̀rọ̀ ìlú, títí kan ọ̀rọ̀ òwú tí àwọn àgbẹ̀ ń tà. Àjàyí Crowther ńkọ́? Ẹni tó túmọ̀ Bíbélì ló kọ ìwé atúmọ̀ èdè, òun náà ló bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi gòkè odò Ọya ní 1841, ní 1854 àti ní 1857. N ò gbọ́ pé ẹnì kan ní kó mú ọ̀kan. Tàbí ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.

Níbi tí ìyà ti jẹ mí, ibi tí mo ti jẹ́ kí nǹkan kan wọ ẹ̀wù nǹkan mìíràn ni. Èyí tó dùn mí jù ni màá kọ́kọ́ sọ.

O rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di góòlù. Ìjọba ti pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, wọ́n ní ká dá ti àtijọ́ padà sí báńkì, tuntun kò sì sí níta. Oní-P.O.S. àdúgbò wa ń gba 2,000 lórí 10,000, èèyàn á tún tò fún un láti ìdájí. Ìgbìmọ̀ wa ní èèyàn 14 tí a ń fún ní 10,000 náírà lóṣooṣù. Inú àpòòwé la máa ń kó o sí, a ó sì fi lé wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn. Lóṣù yẹn, kò sí ohun tí a fẹ́ kó sínú àpòòwé.

Ni èmi ẹlẹ́rọ bá dìde. Mo ní kí akápò fi 140,000 náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi, kò ní tó wákàtí kan tí màá fi fóònù pín in tán, pé mo tiẹ̀ ti ṣe Excel rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó bi mí pé àkáǹtì wo. Àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù ni o, ibi tí oníbàárà ń san owó pánẹ́ẹ̀lì fóònù sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo fi owó ránṣẹ́. Mẹ́sàn-án dé. Márùn-ún kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Bó ṣe ń rí nìyí: báńkì tìrẹ á yọ owó, á ké sí báńkì kejì, bí ìyẹn ò bá tètè dáhùn, owó á há sójú ọ̀nà títí àwọn méjèèjì á fi jọ ṣírò. Lásìkò yẹn gbogbo Nàìjíríà ló ya bo tíránsífà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà sì fún pa. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń retí owó oògùn kò mọ̀, kò sì yẹ kó mọ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ìyá kan tó ti ta ẹ̀kọ lọ́dún gbọọrọ kí ẹsẹ̀ tó dá wọn jókòó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó. Wọ́n fọwọ́ ti tábìlì tí mo ti ń jó òjé, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ ti yọ orúkọ mi nínú ìwé ni?” Mo sáré fi álááàtì hàn wọ́n. Ẹ wò ó, mà, ó ti jáde. Wọ́n tú ìdí aṣọ, wọ́n mú fóònù tiwọn jáde, kékeré onítọ́ọ̀ṣì yẹn, wọ́n nà án sí mi. “Wá a fún mi nínú tèmi.”

Mo wá a. Kò sí ńbẹ̀.

Ohun tó wá burú jù ni pé méjì lára owó náà ti padà sọ́dọ̀ mi tí n ò mọ̀. Òru ni wọ́n wọlé, àárín owó oníbàárà ni wọ́n bọ́ sí, mo sì ti fi wọ́n ra pánẹ́ẹ̀lì ní Ọ̀tígbà n'Íkẹjà kí n tó yẹ àkáǹtì wò. N ò jalè. Àmọ́ nígbà tí bàbá kan dìde nípàdé tí wọ́n ní kí n mú sítétímẹ́ǹtì wá, ẹsẹ̀ mi wúwo. Owó ìjọ, owó pánẹ́ẹ̀lì, owó détà, owó ilé ìwé ọmọ mi, gbogbo rẹ̀ ti lọ́ pọ̀ bí ìfun. Excel mi rẹwà, mo kun àwọn tó ti gbà ní àwọ̀ ewé, mo kun àwọn tí kò tíì gbà ní pupa. Ta ló fẹ́ wo ìyẹn? Lọ́jọ́ kejì mo san 50,000 láti àpò ara mi. Ìgbà tí mo lọ sí báńkì lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó dá mẹ́ta tó kù padà, oṣù kẹrin ti wọlé, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì ti dájọ́ láti ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún fi máa parí.

Báyìí, àkáǹtì ìjọ ló ń san án, ẹni méjì ló ń fọwọ́ sí i, n ò sí lára wọn. Tèmi ni kí n to orúkọ àti nọ́ńbà, kí n sì pe ẹnì kọ̀ọ̀kan pé ṣé ó ti dé. Bí kò bá dé, Session ID ni kí o gbé lọ sí báńkì, nọ́ńbà gígùn oní-30 tó wà lára rìsíìtì tíránsífà. Bí o ò bá ní in lọ́wọ́, “ẹ ṣì ní sùúrù” ni wọn á máa sọ fún ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó sì wà nínú Bíbélì tí mo ń kà láti kékeré: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, wọ́n fo àwọn opó kan níbi ìpín ojoojúmọ́, ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá yan ọkùnrin méje. Méje o, wọn ò wá ẹnì kan tó mọ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Kùránì ti ka ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, àwọn tó ń gbà á jọ sì wà níbẹ̀, kí ọwọ́ má baà máa yún wọn.

Ti fọ́tò ò gùn. Mo fẹ́ràn fọ́tò yíyà, mo ya ìyá kan níbi tó ti ń gba ìrẹsì, mo fi ẹsẹ Bíbélì sí i, mo gbé e sórí status WhatsApp. Àwọn àna tó ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọ rẹ̀ rí i nígbà tí ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò bú mi. Kò kàn wá gba ìrẹsì mọ́. Àpò ìrẹsì nìkan ni mo ń yà báyìí.

Ti laptop ni ìwọ gan-an ní láti gbọ́, torí mo rí i pé o fẹ́ kó kọ̀ǹpútà lọ fún ilé ìwé. Ní 2021, àwọn tó ń jápa kó laptop mẹ́sàn-án fún mi. Mo fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí gbogbo wọn, mo fọ kíbọ́ọ̀dù wọn, mo kó wọn lọ sí ilé ìwé abúlé kan, a gbàdúrà, a jẹ mọ́ínmọ́ín. Oṣù kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀, mo yà síbẹ̀. Inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n wà, nínú àpò ìrẹsì. NẸ́PÀ kò dé abúlé yẹn. Bátìrì mẹ́ta ti wú débi pé wọ́n ti kíbọ́ọ̀dù sókè, eku sì ti bímọ sínú ọ̀kan. Bátìrì laptop tí a bá pa tì láìsí iná kankan nínú rẹ̀, tí ooru sì ń mú un, bàjẹ́ ló máa bàjẹ́. Tí o bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, jẹ́ kí iná inú rẹ̀ ku bí ìdajì. Ṣé n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Mo mọ̀. Ohun tí èmi fẹ́ràn ni mo kó lọ fún wọn. Ọ̀gá wọn ní, “Engineer, ẹ ṣeun gan-an. Ká ní ẹ bi wá ni, àga là bá sọ.”

A kan àga fún wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn fúnra wọn tó béèrè nǹkan kan tí àwọn ọmọ lè máa kà. Mo gbé laptop kan ṣoṣo lọ, pẹ̀lú sólà kékeré àti bátìrì rẹ̀. Kiwix ló wà lórí rẹ̀, tó ń jẹ́ kí èèyàn ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbé ti Gẹ̀ẹ́sì sí i, mo gbé ti Yorùbá náà sí i, èyí tó ti ju ẹgbẹ̀rún 30 àpilẹ̀kọ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìlà méjì. Tíṣà á fi Wi-Fi fóònù rẹ̀ so mọ́ ọn, kò ná kọ́bọ̀ détà. Mo rò pé ìṣirò ni àwọn ọmọ máa kọ́kọ́ wá. Ejò ni wọ́n wá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wo ejò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyàwó. Nígbà tí mo jókòó bi tèmi léèrè dáadáa, kì í ṣe iye nǹkan tí mo ń ṣe ló ń bí i nínú. Fóònù oníbàárà lórí tábìlì oúnjẹ ni, àti ìpàdé ìjọ tó máa ń jẹ alẹ́ Tọ́sidé tí òun ti ń retí mi. A jọ fẹnu kò sí i: bó bá ti di aago méje, n ò gbọdọ̀ mú skúrúdíráfà wọlé, Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù jẹ́ ti ìgbìmọ̀, Tọ́sidé jẹ́ tirẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ tìẹ pẹ̀lú. Ó lè máà jẹ́ ohun tí o rò.

Bó bá wá jẹ́ dandan kí ọ̀kan lọ, jẹ́ kí adìẹ lọ. Èmi náà sin ín rí. Kọ̀ǹpútà, bí o bá pa á lálẹ́, á jí láàárọ̀. Adìẹ mi tó gbẹ̀yìn, ìyàwó mi ló pa á lálẹ́ ọjọ́ Tọ́sidé kan, a sì fi jẹ iyán.