Kí Nìdí Tí Wọ́n Fi Ń Ṣí Ọtí Ṣáńpéènì Nígbà Tí Bàlúùnù Bá Balẹ̀?

Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ọmọ òun wọ bàlúùnù afẹ́fẹ́ gbígbóná, ìyẹn aṣọ ràbàtà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ ń gbé lọ sókè pẹ̀lú agbọ̀n tí ènìyàn ń dúró sí, nígbà tí wọ́n sì balẹ̀ sínú pápá kan, awakọ̀ wọn yọ ọtí ṣáńpéènì jáde, ó bù ú fún olúkúlùkù, ó sì gbé odidi ìgò kan fún àgbẹ̀ tó ni pápá náà. Ìyá wá ń fẹ́ mọ̀ bóyá ètùtù ni wọ́n ń ṣe fún afẹ́fẹ́ tàbí fún ilẹ̀, àti bóyá ó yẹ kí ọmọ òun mu nínú rẹ̀.

Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Ètùtù kọ́ ni. Ìkíni ni ọtí náà, ti àlejò tó já bọ́ sínú oko olóko láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Ìdí rẹ̀ sì wà lára ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Awakọ̀ bàlúùnù lè mú un gòkè, ó sì lè mú un sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ ni òun náà ń lọ; gbogbo ọgbọ́n tó lè dá kò ju pé kí ó wá afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gba ibòmíràn lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbéra láàárọ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oko báyìí ni òun yóò sọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni olóko náà kò sì mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ láti òkè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ di ìjà ni abúlé Gonesse, ní àríwá Párísì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1783, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Jacques Charles, pẹ̀lú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Robert, fi bàlúùnù kan ránṣẹ́ sójú ọ̀run láti Párísì. Aṣọ sẹ́dà tí wọ́n fi rọ́bà kùn ni wọ́n fi ṣe é, gáàsì háídírójìn, tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, tí wọ́n rí nípa dída ásíìdì sórí irin ni wọ́n sì fi kún inú rẹ̀; kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ó já bọ́ sí Gonesse. Àwọn ará abúlé kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n rí ni nǹkan ràbàtà kan tó ń ta pọ́ún-pọ́ún nílẹ̀, tó ń mí fùù, tí òórùn burúkú sì ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n kó ọ̀bẹ àti àmúga ńlá tí wọ́n fi ń kó koríko jáde, wọ́n gún un títí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi tán, wọ́n so ìyókù mọ́ ìrù ẹṣin, wọ́n sì wọ́ ọ kiri inú oko títí ó fi ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Èmi kò bá wọn wí. Bí irú rẹ̀ bá já bọ́ sí àgbàlá wa lọ́dún yẹn, àdá ni àwa náà ìbá yọ.

Ìjọba Faransé wá kéde fún gbogbo ará ìlú pé ẹnikẹ́ni tó bá rí nǹkan roboto lójú ọ̀run, tó jọ òṣùpá tó ṣókùnkùn, kí ó má bẹ̀rù, nítorí ẹ̀rọ tí a fi aṣọ ṣe ni, kò sì lè pa ènìyàn lára. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ará Faransé méjì, Pilâtre de Rozier àti Marquis d'Arlandes, ti gun bàlúùnù afẹ́fẹ́ gbígbóná tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Montgolfier ṣe kọjá lórí Párísì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń dáná rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, kànrìnkàn àti omi sì wà lọ́wọ́ wọn láti fi pa iná tó bá ràn mọ́ aṣọ náà. Ìrìn àjò tó ń fi ẹ̀mí wewu ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1785, Pilâtre yìí kan náà já láti òkè, ó sì kú, òun àti ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ kí a rí ọtí náà kedere ni Jean-Pierre Blanchard, ará Faransé. Òun àti Dókítà John Jeffries ni wọ́n kọ́kọ́ gba ojú ọ̀run sọdá òkun láti Dover sí Faransé, ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1785. Wọ́n ju ẹrù, wọ́n ju aṣọ ọrùn wọn pàápàá sínú omi kí bàlúùnù má baà rì, wọ́n sì bọ́ sínú igbó nítòsí Guînes nínú òtútù ọ̀gìnnìtìn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1793, Blanchard gbéra ní àgbàlá ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Philadelphia, lójú Ààrẹ George Washington. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan. Washington fún un ní lẹ́tà tó bẹ gbogbo ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má dí i lọ́wọ́, kí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ níbikíbi tó bá bọ́ sí.

Ó fò fún ìṣẹ́jú 46, ó sọdá odò Delaware, ó sì balẹ̀ sí Deptford ní New Jersey. Àgbẹ̀ kan yọ sí i, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó fẹ́ sá. Blanchard pè é, èdè kò yé ara wọn. Ìgbà náà ló na ìgò ọtí sí i. Nígbà tí ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, Blanchard kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú rẹ̀ kí ó tó gbé e fún un, gẹ́gẹ́ bí onílé ti ń tọ́ ẹmu wò lọ́dọ̀ wa kí ó tó gbé e fún àlejò, kí ọkàn onítọ̀hún lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnìkejì tún dé, tòun ti ìbọn. Ẹni tó ti mu ọtí ló fi í lọ́kàn balẹ̀. Àwọn mìíràn pé jọ, wọ́n ka lẹ́tà Ààrẹ, wọ́n sì bá a ká bàlúùnù rẹ̀.

Ìtàn tí àwọn awakọ̀ bàlúùnù fẹ́ràn láti máa sọ ni pé láti ọdún 1783 ni àwọn ará Faransé ti ń gbé ṣáńpéènì dání, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí i pé ènìyàn ni wọ́n, kì í ṣe ànjọ̀nú. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Gonesse ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé ìgò nínú bàlúùnù yẹn. Ìtàn Blanchard ni èmi gbára lé, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Lápá kan Yúróòpù, pàápàá ní Jámánì, wọ́n tún máa ń fi iná jó ìwọ̀nba irun orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò, wọ́n á fi ọtí ṣáńpéènì pa iná ọ̀hún, wọ́n á sì fi onítọ̀hún joyè. Eré ìdárayá ni ìyẹn, kò ní ẹbọ nínú.

Ọmọ yín lè mu, Ìyá wa, ó sì lè kọ̀ ọ́ láìṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ń fi omi èso rọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọn kì í fi ṣeré ni ti àgbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awakọ̀ ní ìlànà pé kí wọ́n wá olóko rí kí mọ́tò tó wọ inú pápá láti kó bàlúùnù, kí wọ́n má ṣe tẹ irè oko mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì dẹ́rù ba ẹran ọ̀sìn. Wọ́n tún ń sàmì sórí máàpù wọn sí oko àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn.