Ìdí Tí Orúkọ Àwọn Arúgbó Abúlé Fi Ṣọ̀wọ́n Nínú Ètò Adójútòfò Ìlera

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì níbí ń rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbà lórí adójútòfò ìlera, ṣùgbọ́n ìyá mi tí wọ́n wà lábúlé nítòsí Èrúwà kò sí nínú ètò kankan. Kí ló fà á, kí sì ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ìgboro ni wọ́n sì pọ̀ sí. Ìyá yín tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ro oko kò ní ọ̀gá tí yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ tiyín pàápàá kò dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ọkọ tàbí aya yín àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ fi òbí kún un yóò sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Lóòótọ́, òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, ó sì ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn tí ìjọba gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ béèrè NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ arúgbó abúlé sì ń há sí. Mo tẹ̀ lé ìyá àgbà kan lọ gbà á nígbà kan: wọ́n tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ, kò mú, a fi aṣọ nu ìka náà, kò mú. Ọkọ́ àti ẹ̀gẹ́ bíbó ti pa ìlà ọwọ́ wọn rẹ́. Wọ́n ní kí a padà wá lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ni ìyá náà ti fi ọ̀sẹ̀ méjì tù jọ. Ó dùn mí dé ọkàn, nítorí ní ìgboro, ẹsẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ wọn yóò fi rìn padà lọ.

Nítorí náà, ẹ má fi ìyá yín nìkan sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé wọn lọ gba NIN, kí ẹ ní kí wọ́n dán gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àjọ adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ẹ béèrè bóyá ìyá yín lè wọ inú ètò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ san owó ọdún kan fún wọn. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí wọ́n lè dé láìwọ ọkọ̀ méjì ni kí ẹ yàn, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ yín ní Ìbàdàn, kí ẹ sì dé ibẹ̀ fúnra yín, kí ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wà níbẹ̀ lóṣooṣù.